Ìwọ̀n Ṣòkòtò Rọ̀bọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ má bínú pé mi ò fi ohùn ránṣẹ́ mọ́, fóònù mi ló ń ṣe ségesège.

Ẹ ní kí n wọn ara mi kí ẹ lè rán ṣòkòtò fún mi. Aránṣọ tó bí mi tún ń béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ mi! Ẹ lo ti àtijọ́ tó wà nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ dín ìbàdí kù ní íǹṣì méjì. Mẹ́rin náà ò burú.

Kò sí nǹkan kan o. Eruku pọ̀ níbi tí a ti ń gé òkúta, wọ́n wá ní kí n lọ sinmi. Dókítà ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá oníhò kan, mo fẹ́ ẹ bí ọkùnrin. Ó gbé mi sórí òṣùwọ̀n, ó ní kí n máa jẹun, torí bí ara bá ń joro, iṣan tí a fi ń mí ń bá a joro ni. Mo ní, “Dókítà, Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè mí nílé!” Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Màmá, ẹ má fi bọ́tìnnì sí ṣòkòtò náà, okùn ni kí ẹ ki bọ ìbàdí rẹ̀. Ẹ bá mi kí àbíkẹ́yìn yín, Igi Ìṣáná. Òun ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bó bá pẹ́ kí ẹ tó rí ẹni gbé e wá, ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Rọ̀bọ̀tọ̀ yín.