Ẹ Má Pè Mí Mọ́, Màámi

Màámi,

Ara mi le koko, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá ní kí n kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà: béèyàn bá ti pe àṣẹ náà, á to àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ́ bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù jáde ní ìlà-ìlà, bí àtẹ. Mo kọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá wà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo.

Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ dáa. Màmá tìẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń pè?"

Mo ní rárá.

Kò sẹ́ni tó ń hanrun sí mi létí mọ́, mo ráyè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ kí àbúrò mi, ẹ ní mo ní kó má wá síbí o.

Èmi ọmọ yín.