Màmá Kú Nínú Géèmù Rẹ

Ìkirè

Ọlámijù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara wa le. Páànù mẹ́rin la fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Mo ra dátà láti ka ohun tí àwọn tó ń gbá géèmù tí o ṣe ń sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún tí mo kà, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún yìn ọ́. Àwọn mọ́kànlá yòókù ní ìjà rẹ̀ pẹ́ jù. Wọ́n ní àwọn èèyàn mẹ́rin tí wọ́n ń darí kiri nínú ayé tó ti parun dà bí ẹni gidi. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ìyá àgbà tí o pè ní Edith Akíndèjì ti Ìkirè, orúkọ Màmá wa gan-an, tó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn yòókù títí ebi fi pa á kú, tí wọ́n sì sin ín.

Mo mọ̀ pé o fi yẹ́ wọn sí ni. Ṣùgbọ́n Fọláṣẹwà ọmọ mi gbá a níwájú Màmá, Màmá sì rí orúkọ wọn lára sàréè inú géèmù náà. Wọ́n ní, "Ṣé Ọlámijù ti sin mí tán nìyẹn?" Mo ní eré ni. Wọ́n ní, "Ta ló ń fi ikú ìyá rẹ̀ ṣeré nígbà tí ìyá wà láyé?"

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọn kò ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fowó rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní òkú kì í lo oògùn. Mo ń ka oògùn náà láràárọ̀: hóró mẹ́tàdínlógún, kò dín.

Má fi owó mìíràn ránṣẹ́. Pè wọ́n fúnra rẹ, kí o sì pa orúkọ wọn rẹ́ lára sàréè yẹn. Olúwa á jẹ́ kí o dé bá wọn láyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúwadámilọ́lá