Ogún Fóònù Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Màámi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí! Koko lara mi le o. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò já yín láyà.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá wa níbi tí a ti ń fọ aṣọ ọsibítù kì í fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí a bá ti dé láàárọ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń tì wọ́n mọ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, gbogbo ogún fóònù ké pọ̀ bí ọmọ tí ebi ń pa! Ìkìlọ̀ ìjì tí ìjọba fi ránṣẹ́ sórí gbogbo fóònù ni, àwa ò mọ̀. Ọ̀gá jágbe pé, "Ta ni kò pa tiẹ̀?" Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ àdúgbò wa tá a jọ wá ṣiṣẹ́ níbí, bá dáhùn pé, "Ọ̀gá, ìyàwó yín ló ń wá yín lórí gbogbo fóònù!" Màámi, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa! Ẹ̀rín yẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín ń rín lọ nígbà tó jáde lọ ká aṣọ lórí okùn níta.

Kò pẹ́ rárá, òrùlé ṣí bí ìdérí ìkòkò! Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kan ni mo kó sí, èmi tí ẹ ní mo sanra jù!

Ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni kò wó; níta, a ò rí okùn aṣọ, a ò rí ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ bá mi kí màmá Ẹlẹ́rìn-ín gan-an. Tí wọ́n bá ń pè é tí kò gbé e, kì í ṣe pé ó gbàgbé ìyá rẹ̀ o. Ọwọ́ mi ni fóònù rẹ̀ wà, ó sì ń dún dáadáa.