Díẹ̀ Lára Ahọ́n Mi Wà Nílùú Yín

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọmọ ò yọ ẹ́ lẹ́nu jù? Ẹni tó dá wa á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Àwa náà wà, àfi pé ahọ́n mi ò pé mọ́, ohun tí mo ṣe mú kálámù nìyẹn.

Eyín ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ni ìyá rẹ bá fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ọmọbìnrin tí kò ju àbúrò rẹ lọ. Kàkà kó dojú kọ eyín, ṣe ló fi aṣọ funfun di ahọ́n mi mú, ó fà á síta, ó tanná sábẹ́ rẹ̀, ó tún ń fọwọ́ tẹ̀ mí lọ́rùn bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù. Ó bi mí bóyá mò ń mu sìgá. Mo ní ìgbà tí mo bá ń rẹ́ pákó nìkan ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojoojúmọ́ ni káfíńtà ń rẹ́ pákó. Ó fi àmì funfun kan hàn mí nínú dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Mo ní kò dùn mí. Ó ní ìdí tóun fi ń wá a nìyẹn. Eyín tó ń dùn mí, ó ní ìyẹn ò le. Ibi tí kò dùn mí, ibẹ̀ ló kó o lọ́kàn sókè. Ṣé ó yé ẹ? Kò yé èmi.

Ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Nígbà tí ìwọ náà ti ní fóònù, mo mọ̀ pé o ti rí i. Má bínú, mi ò ráyè fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó wá gé díẹ̀ níbẹ̀, kò ju orí ìṣó kékeré lọ, ó ní wọ́n ń gbé e lọ ṣàyẹ̀wò nílùú yín. Inú mi dùn, mo rò pé àìsàn ti bá a lọ nìyẹn. Nígbà tá a padà lọ gbọ́ èsì, ó ní jẹjẹrẹ ni, ó tún ní inú òun dùn pé a tètè rí i. Mo ń wo ìyá rẹ, ìyá rẹ ń wo ilẹ̀. Ta ni inú ẹ̀ ń dùn sí jẹjẹrẹ?

Ó ní wọ́n máa gé ibẹ̀ kúrò, mo ní wọn ò ní gé nǹkan kan lára mi mọ́. Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán wá fún mi, ṣebí gbogbo ara rẹ̀ ni mo máa ń fi òòlù kàn wò, bóyá ikán ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, ṣé àga náà ti ké ni? Ni mo bá gbà.

Nílùú yín ni wọ́n ti máa gé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ lọ bá wọn, sọ pé ahọ́n bàbá rẹ ló wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí mo fi ń pè ẹ́ wálé jẹun ní kékeré, kí wọ́n má lọ fi ti ẹlòmíì fún mi. Fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ránṣẹ́. Kó o sì wá dúró tì mí níbẹ̀, ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀nà rẹ á máa là. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ahọ́n náà, màá máa fi ṣàdúrà fún ẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.