Ta Ni Yóò Jókòó sí Ìdí Tíréè?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2014

Lẹ́tà iṣẹ́ Anwár ọkọ mi dé. Zagora! Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Mòrókò lọ́hùn-ún, níbi tí yanrìn ti ń bá èèyàn jẹun nínú àwo. Lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹrin ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà níbẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń lọ: òun, èmi, Zíyàd ọmọ wa.

Fàdákà ò jẹ́ kí n gbé ṣíbí sílẹ̀. (Fàdákà ni mo sọ ìyá ọkọ mi nínú ìwé yìí, nítorí tíréè rẹ̀ tó ń nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Lójúkojú, Lálà Batúl ni, bí a ṣe ń pe àgbà obìnrin.) Ó ní ooru Zagora á pa ọmọ. Kí n fi í sílẹ̀ fún òun ní Tẹ́tùwán níbí. Mo ní, "Lálà, ọmọ oṣù mẹ́ta? Ọmọ tó ń mu ọmú kì í kúrò láyà ìyá ẹ̀." Anwár ní òótọ́ ni mo sọ. Fàdákà wo àyà mi bí ẹni ń wo aládùúgbò tó gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìyanu. Fàdákà fúnra rẹ̀ gbé tíì wá bá mi lórí ibùsùn. Ọdún kan àbọ̀ tí mo ti wọ ilé yìí, kò bu omi lásán fún mi rí. Tíì náà korò lábẹ́ oyin. "Ewé abiyamọ ni. Ó ń fúnni lágbára. Mu ún tán, ọmọ mi."

Ọmọ mi! Mo mu ún tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ojoojúmọ́ ni tíì ń wá báyìí.

Tíì ìrọ̀lẹ́ nílé Ibtisám. Àwa mẹ́rin: Ibtisám àti Hasnáà tí a jọ ṣe girama, èmi, àti Lékeléke. Lùbábà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ àbúrò Fàdákà. Aṣọ funfun, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ tí kì í fẹ́ kan ilẹ̀. Òun ni wọ́n fẹ́ fún Anwár kó tó rí mi.

Lékeléke mu ife kejì, ó nu ẹnu. "Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo la máa mu tìẹ? Àbí agolo tòmátì lẹ fi ń mu ún lórí òkè yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí abúlé orí òkè ni wọ́n ti bí mi. Ibtisám náà rẹ́rìn-ín! Ẹni tí mo ń jẹ́ kó wo iṣẹ́ mi ní kíláàsì.

Mo ní, "Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹ wá. Ìyá mi náà á wà níbẹ̀."

Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Zíyàd sunkún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó fà, ó fà, ó tu ọmú dànù, ó wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ bẹ Fàdákà pé kó yá mi ní tíréè. Ó gbà! Tíréè, ìkòkò tíì, ife olómi wúrà, gbogbo rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Lùbábà ló máa jókòó sí ìdí ẹ̀."

Ọmọdé Tẹ́tùwán pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jókòó sí ìdí tíréè ló ń po tíì, ló ń tọ́ ọ wò, ló ń bù ú fúnni. Òun ni onílé, tàbí ẹni tí onílé bọlá fún jù. Lékeléke sí ìdí tíréè nílé ọkọ mi!

Mo ní ìyá mi ló máa dàgbà jù níbẹ̀ lẹ́yìn yín, Lálà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá ẹ? Ọwọ́ tó fún wàrà ewúrẹ́ láàárọ̀ ni yóò bu tíì fún èmi nírọ̀lẹ́?"

Mo payín keke, mo jáde.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọmú ọ̀tún rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Tòsì, wàrà díẹ̀ ló ń jáde. Mo ń jẹun, mo ń mu omi, mo ń mu tíì Fàdákà dé ìsàlẹ̀ ife. Kí ló kù?

Ọ̀sán, ó jáde pẹ̀lú wàrà agolo àti ìgò ọmọ tó ti fọ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lómi lára." Báwo ló ṣe mọ̀? Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Anwár ní, "Má bínú. Tí ọmú bá ti gbẹ náà, bóyá kí ọmọ kúkú dúró ti Màmá…" Mo ju tìmùtìmù lù ú. Ó bà á lójú. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Tí wàrà mi bá gbẹ, wọ́n á gba ọmọ mi. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Tíréè, ife, àkàrà — ariwo ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá mi dé láàgo méjì, fìlà koríko olówùú lórí, wàràkàṣì tí wọ́n fi ewé wé lọ́wọ́. Fàdákà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá orí òkè. Ẹ bọ́ fìlà yẹn síta, kó má ba rọ́ọ̀gì mi jẹ́." Ìyá mi ní, "Oòrùn ogún ọdún ò ba fìlà jẹ́, Lálà. Fìlà náà ò ní ba rọ́ọ̀gì jẹ́."

Ìrun ìrọ̀lẹ́ parí, wọ́n pé. Mo wọ́n omi òdòdó ọsàn sí wọn lọ́wọ́. Mo gbé àkàrà dídùn kalẹ̀, ọgọ́rùn-ún, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, èso álímọ́ńdì nínú, òru méjì ni mo fi ṣe é. Lékeléke gbé ọ̀kan sókè, ó yí i, ó wo ìdí rẹ̀, ó dá a padà.

Tíréè dé. Àpótí fàdákà mẹ́ta lórí rẹ̀: ti tíì, ti ṣúgà, àti kékeré kan tí ẹyẹ wà lórí ìdérí rẹ̀. Fàdákà tẹ̀ sí etí Lékeléke: "Ẹlẹ́yẹ yẹn, inú ife ìyá ọmọ nìkan o." Mo gbọ́. Lékeléke ń ká etí aṣọ rẹ̀ kó lè jókòó.

Mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo fa tìmùtìmù ìdí tíréè kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú, mo fi í jókòó. "Ìyá mi ló ń po tíì níwájú mi lónìí."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Hasnáà. Lékeléke ní, "Ó dáa náà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i." Ẹ̀rín bú.

Ìyá mi ò fèsì. Ó ṣe bí ẹni tó bá wà nídìí tíréè ṣe ń ṣe: ó ń ṣí àpótí, ó ń gbóòórùn ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó bù ú. Tíì. Ṣúgà. Ó gbóòórùn náánáà, ewé míǹtì inú tíì wa. Ó ṣí ẹlẹ́yẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka méjì ra ewé kan.

"Ta ni ọmọ ẹ̀ kú níbí?"

Ó gbé ewé náà sókè kí gbogbo wa lè rí i.

"Sálímíyà nìyí. Òun la fi ń gbẹ ọmú abiyamọ tí ọmọ ẹ̀ bá kú."

Mo ní, "Ìyá, èmi ni wọ́n ń fún. Láràárọ̀."

Lékeléke dìde, ojú rẹ̀ funfun ju aṣọ rẹ̀ lọ. "Àǹtí, ẹ sọ fún mi pé ewé agbára ni!"

"Ewé lásán ni," Fàdákà wí. "Ìyá tèmi náà mu ún."

Ìyá mi dé àpótí náà, ó tì í bọ àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí po tíì. Náánáà nìkan. "Ẹ jókòó. Àlejò kì í lọ láìmu tíì."

Wọ́n jókòó. Wọ́n mu ún, ife mẹ́ta mẹ́ta. Ìyá mi bu ti Fàdákà kẹ́yìn. Nínú ọgọ́rùn-ún àkàrà, ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Hasnáà ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà á.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Anwár ní, "Màmá mi ò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Mo ṣí ìwé yìí, mo ka ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, títí dé ọjọ́ kẹtàlá sí i létí. Ó gun orí òrùlé pẹrẹsẹ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìyá mi fi ọmọ sí mi láyà ní gbogbo wákàtí, ó ń se ọbẹ̀ ọkà fún mi. Wàrà kán. Ìkán méjì.

Ọjọ́ Ajé, 17

Fàdákà kanlẹ̀kùn ní àárọ̀ yìí. Ife kan náà. Oyin kan náà. Bí ẹni pé Àbámẹ́ta kò sí rárá. Ó ti rí ewé mìíràn.

Mo ní, "Ẹ mu ún, Lálà."

Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó mu ún. Díẹ̀díẹ̀, dé ewé ìsàlẹ̀. Ó nu ẹnu. "Ṣé o rí i? Mi ò kú."

"Ẹ ò kú. Ẹ̀yin ò ní ọmọ lọ́mú."

Ó yí ife náà po lọ́wọ́.

"Mo ní in rí," ó wí. "Anwár ni. Òun lo fẹ́ gbé lọ Zagora yẹn."

Zíyàd jí. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fi ọmọ sí ọmú òsì. Ó fà. Mo gbọ́ bó ṣe gbé e mì. Ó tún gbé e mì.

Fàdákà náà gbọ́. Kò dìde.