Bí Mo Ṣe Gbá Ẹ̀jẹ̀ Mi Mọ́ De Nọ́ọ̀sì

Èmi télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ọsibítù ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá rẹ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, nítorí wọn ò kàwé, wọn ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n ní o máa fi àwọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Àkọ́bí mi obìnrin, ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ń kọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ara yún ọ bó ṣe ń yún mi. Ìyá rẹ wà dáadáa, ẹnu rẹ̀ náà sì wà dáadáa. Àlìkámà ti yọ orí, ó dára ju ti èṣí lọ.

O rántí àwọn kókó wẹ́wẹ́ olómi tó wà ní ìgúnpá àti orúnkún mi, tí mi ò fi lè kúnlẹ̀ tu koríko mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ pé àlìkámà tí mò ń jẹ ló ń bá ara mi jà. Mo ní àlìkámà kẹ̀? Èyí tí bàbá mi gbìn, tó fi tọ́ mi, tí èmi náà fi tọ́ ọ? Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ, kí n ṣáà máa jẹ búrẹ́dì àlìkámà mi lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ àyẹ̀wò. Ìwọ náà pè, o ní kí n máa jẹ ẹ́. Mo fi ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbọ́ pé olùyẹ̀wò ń bọ̀ tó máa fi àká rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdọ̀tí? Ṣebí lọ́dọọdún tí ọkùnrin ìjọba bá ń bọ̀ wá wo àká wa, gbígbá là ń gbá a, tí a ó sì ṣa gbogbo kòkòrò dànù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbá ẹ̀jẹ̀ mi. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fi ẹnu kan búrẹ́dì. Mo tilẹ̀ lọ dúró níwájú oníbúrẹ́dì, mo ní èmi àti òun ti parí. Àwọn kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, mo ní ẹ ò rí i pé ìmọ́tótó dára.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, èsì jáde, wọn ò rí nǹkan kan. Inú mi dùn, mo bọ dókítà lọ́wọ́, mo ní mo ti yege. Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé ègé búrẹ́dì mélòó ni mò ń jẹ lójúmọ́. Mo gbé àyà sókè, mo sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà káwọ́ lérí. Ó ní mo ti lé olè lọ kí ọlọ́pàá tó dé, ta ni wọ́n fẹ́ mú?

Wọ́n wá ní kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ búrẹ́dì, ègé méjì méjì lójúmọ́, kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀. Mo ní mi ò ṣe. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé irú nǹkan yìí máa ń wà nínú ìdílé, kí àwọn ọmọ mi náà lọ yẹ ara wọn wò. Mo wá rántí ìgúnpá rẹ nígbà tí o wà ní kékeré, bí o ṣe máa ń họ ọ́ lóko, tí mo máa ń ní iṣẹ́ lo ń sá fún. Má bínú. Lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí o sì máa jẹ búrẹ́dì rẹ títí wọn ó fi gba ẹ̀jẹ̀, má gbọ́n bíi ti bàbá rẹ.

Fi owó búrẹ́dì ránṣẹ́, kí o sì bá mi bẹ oníbúrẹ́dì, kò dá mi lóhùn mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara rẹ máa dán. Àwọn ọmọ rẹ ò ní jogún ìgúnpá mi, orí kunkun mi nìkan ni kí wọ́n mú.

Àmì Bàbá: àtàǹpàkò ọ̀tún. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí ìgúnpá.

Ẹlẹ́rìí: èmi télọ̀, àti ìyá rẹ, tí wọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá títí Bàbá fi jẹ ègé kejì tán.