Ìbọn Bàbá Wa Tí Mùrí Ń Bèèrè

Ẹ kú ilé o, Àlàájà, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Jẹ́dà níbí. Mo kí Bọ̀dá Súlè tó ń bá yín mójú tó ilé. Ara mi le, ṣùgbọ́n ooru ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Afẹ́fẹ́ òkun pàápàá ń jóni. Iṣẹ́ ń lọ ní èbúté, owó oṣù ń wọlé. Ó kàn ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Àjàní.

Ẹ ní Mùrí àbúrò mi fẹ́ bá àwọn tó ní àwọn yóò fi ìbọn gba orílẹ̀-èdè Yorùbá wọ igbó, pé ó ń bèèrè ìbọn tí bàbá wa fi ń ṣọdẹ, tó wà ní títì lọ́dọ̀ yín. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ èsì mi sínú ìwé ìròyìn, torí Mùrí nìkan kọ́ ló ń bèèrè ìbọn.

Kónọ̀ ló ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ntéénà ṣe níbi iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kí i ní òyìnbó Ìlú Ọba. Tíì pá a lórí! Ó ní ìran àwọn ti jà títí kí ẹnikẹ́ni má baà pe àwọn bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá tún dán an wò, òun á máa pe èmi ní ará Gánà. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ará Áyálándì ni, apá àríwá tó ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní nígbà èwe bàbá òun, iṣẹ́ àti ilé ṣòro fún àwọn Kátólíìkì bíi tiwọn láti rí. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìbọn. Wọ́n pa sójà, wọ́n pa ọlọ́pàá, bọ́ǹbù wọn sì pa ẹni tó jáde lọ ra nǹkan lásán. Bàbá Kónọ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n. Níbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ oúnjẹ, wọ́n ní àfi kí ìjọba gbà pé ológun làwọn, pé àwọn kì í ṣe ọ̀daràn. Àwọn kan kú. Àlàájà, àwa tí a mọ ààwẹ̀, ẹ rò ó wò: ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu!

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dákú, ọwọ́ ìyá tó bí bàbá náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí. Ìyá náà gbà pé ohun tí ọmọ òun ń jà fún tọ́, síbẹ̀ ó ní kí dókítà gbà á là. Ọmọ yè, ó sì yan ìyá rẹ̀ lódì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó yá, àwọn ológun náà jókòó bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Wọ́n kó ìbọn sílẹ̀ níṣojú àlùfáà, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sì wọ ìjọba pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti ń bá jà. Bàbá Kónọ̀ di káńsílọ̀; kòtò ojú títì ló kù tó ń bá jà. Orí mi wú. Mo bi Kónọ̀ bóyá ìbọn ló gbé wọn débẹ̀, àbí ìbọn náà ló dá wọn dúró lọ́nà. Ó ní òun àti bàbá òun ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi náà kò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọkọ̀ gbé mi dé ibi tí ọ̀nà Mẹ́kà ti yà fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ó ní kí n bá òun rántí ìyá àgbà náà nínú àdúrà. N kò mọ ohun tí àwọn áfáà yóò sọ. Mo dárúkọ rẹ̀ níwájú Kábà, mo dárúkọ Mùrí tẹ̀ lé e.

Mùrí kò purọ́ nípa ìyà tó ń jẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní ìbọn náà. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ̀. Ìpè rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì ní ilé, ṣùgbọ́n èmi ni kó yàn lódì, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á ṣọ́ gbogbo ọmọ ilé. Ẹ bá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí Mùrí, bó tilẹ̀ kọ̀ láti dáhùn.

Èmi ọmọ yín,
Àjàní